Àfikún Tí A Kò Bẹ̀bẹ̀ Fún

A ṣẹ̀ṣẹ̀ páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Lanham, ní Amẹ́ríkà tí mò ń gbé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wá kí mi láti Ìbàdàn, ni fóònù mi dún. Owó ìfẹ̀yìntì mi ló wọlé. Bọ́ọ̀sì káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wà kí n tó fẹ̀yìn tì.

Mo ní, "Wọ́n ti fi díẹ̀ kún un."

"Kí ló dé tí wọ́n fi kún un?"

"Bí ọjà bá ti gbówó lórí, wọ́n máa ń fi díẹ̀ kún tiwa náà, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ẹ ṣe ìwọ́de ni?"

"Rárá o."

"Ta wá lẹ bẹ̀?"

"A ò bẹ ẹnì kankan, sà. Òfin ni."

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi nílé. Iye tí wọ́n ń san fún un lọ́dún tó fẹ̀yìn tì náà ni wọ́n ṣì ń san, bẹ́ẹ̀ owó ìrẹsì ò dúró dè é. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ráhùn pé àfikún náà kéré, pé owó iná nìkan á gbé e mì. Mo wo ojú rẹ̀, mo pa á mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì, ó múra, ó ní kí n gbé òun lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń san owó náà ní Upper Marlboro kí òun lọ dúpẹ́.

"Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, sà."

"Ṣé ọpẹ́ náà ni wọn kì í gbà?"

Mo gbé e lọ. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ti rò pé ẹjọ́ la wá rò. Ẹ̀gbọ́n mi fi òyìnbó tíṣà rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wá mi orí.

Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe àwa lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ ló ń lọ sípàdé, tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ìjọba títí ó fi dòfin. Bàbá mi wà lára wọn. Kò jẹ àfikún náà pẹ́ kó tó kú."

Èmi tí mo ní a ò bẹ ẹnì kankan! Àwọn ẹlòmíì ti bá mi bẹ̀ ẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sílé. Ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, tó máa ń pè ní ìfàkókòṣòfò tẹ́lẹ̀, kì í pa á jẹ mọ́. Ìjọba ò tíì fi kọ́bọ̀ kún owó wọn. Ó ní àga ibẹ̀ ń dun òun nídìí, àwọn kan sì ń sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n bí mo bá pè é lọ́jọ́ ìpàdé, kì í gbé fóònù.