Òkè Tí Mo Fi Han Wúrà

Èmi ni mo rí òkè yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọ́nnu lórí ẹ̀! Bàbá arúgbó òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú ní Mayesbrook ló sọ fún mi pé lápá àríwá ilẹ̀ òyìnbó níbí, nílùú àwọn, òkè kan wà tí kò ní igi kankan. Koríko àti òdòdó wẹ́wẹ́ ló bò ó, èèyàn kì í débẹ̀. Àwa aládùúrà sì rèé, orí òkè la ti ń tọrọ nǹkan ńlá, Dagenham tí à ń gbé yìí wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin nìyẹn.

Ọmọ ni mò ń tọrọ, ó ti pẹ́. A kì í wọ bàtà sí sùtánà, nítorí náà ẹrọ̀fọ̀ òkè yẹn a gbé ẹsẹ̀ mi mì, òtútù a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mi ò ráhùn.

Ìgbà tí Wúrà, àbúrò mi nínú ìjọ, sunkún pé òun náà ò tíì bímọ, àánú ṣe mí, mo mú un lọ. Kò tíì pẹ́ tó délé ọkọ o! Òjò dé, ó fi jákẹ́ẹ̀tì borí, kò bọ́ bàtà, àdúrà rẹ̀ ò ju "Bàbá, ṣàánú" lọ. Kò pẹ́, ó lóyún. Ó jẹ́rìí, ìjọ ń jó, wọ́n ń pe òkè mi ní Òkè Wúrà. Òkè Wúrà kẹ̀! Mo jowú ẹ̀ gan-an. Ṣé èmi tí mo bọ́ bàtà ni Ọlọ́run ò rí ni?

Nígbà tí ọrùn ọmọ náà le, ó gbé e wá sílé mi ní Thames View.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ dúpẹ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pọ̀n ọ́n gòkè, kó lè pe tiyín wá."

Ó ń káàánú mi! Mo fẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Àmọ́ ọmọ yẹn wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

A lọ. Lọ́tẹ̀ yìí Wúrà bọ́ bàtà, ó ń ké "Yéè!" nínú ẹrọ̀fọ̀. Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Lókè, ó ní kí n gbàdúrà fún ọmọ òun. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Olúwa, èyí kì í ṣe tèmi. Fún mi ní tèmi!"

Àmín Wúrà ròkè ju tèmi lọ.

Nǹkan gbígbóná ṣàn sí mi lẹ́yìn. Ọmọ ti tọ̀, ó ti kọjá pámpáàsì. Nílé wa, bí ọmọ ọlọ́mọ bá tọ̀ sí obìnrin lára, wọ́n á ní tiẹ̀ ti wà lọ́nà.

Wúrà sáré wá. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbà á."

Mo fún ọ̀já le. "Fi í sílẹ̀."

"Aṣọ yín ti tutù."

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀, Wúrà!"

Títí a fi dé ibùdó bọ́ọ̀sì, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀.