Sípíríǹgì Tuntun àti Orúnkún Bàbá Mi

Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ní irin lásán ni ọkọ̀, ẹ má dá mi lóhùn, irọ́ ni mò ń pa. Láwọn ọdún tí mò ń ti Ajah lọ síbi iṣẹ́ ní Oniru, tí mò ń gba títì ẹ̀sìpírẹ́ẹ̀sì lọ tí mo tún ń gba ibẹ̀ bọ̀, ọkọ̀ mi ni mo fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn bàbá mi. Irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Oróbó ni, nítorí ìdí rẹ̀ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó sì ti darúgbó lókè òkun kó tó wá bá wa níbí. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ó darúgbó. Mo ní ìtọ́jú ni wọn ò fún un.

Iná iwájú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Iná tó bá a dé pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lára mi á tan iná funfun gbòò, èmi á sì máa wá ọ̀nà táràrà lẹ́yìn wọn. Ó bí mi nínú. Mo wa ọkọ̀ lọ bá rẹ́wáyà kan ní Ṣàngótẹ̀dó, àwọn tó máa ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe. Ó yẹ iná náà wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n fi funfun sí i fún yín. Tí ẹ bá tan án níbí, ẹ máa rí Ẹ̀pẹ́." Mo ní kó fi sí i kíákíá.

Kò parọ́ púpọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé òkè ni iná náà kọjú sí. Mo ń rí orí igi, mo ń rí pátákó ìpolówó ọjà, mo sì ń rí ojú àwọn èèyàn lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí táyà mi ń tẹ̀, n kò rí i dáadáa. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódì kejì ló ń ṣẹ́ná fún mi. Nígbà tí mo yí padà ní ráńdábáòtù, awakọ̀ kan yọ orí síta, ó ní, "Ìyá mi, ṣé bàlúù lẹ̀ ń wá ni?" Mo dá a lóhùn pé kó lọ tọ́jú ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo padà sọ́dọ̀ rẹ́wáyà. Ó ní kí n kọjú ọkọ̀ sí ara ògiri, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó ń yí nǹkan kékeré kan lẹ́yìn iná títí ìmọ́lẹ̀ náà fi wálẹ̀ sórí ìlà. Ibẹ̀ ni èpè tí wọ́n ń ṣẹ́ fún mi ti dópin.

Ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Ìgbà tí mo ríran tán ni mo wá rí ìyókù. Ọkùnrin kan wá láti Oniru tòun ti láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ki wáyà bọ abẹ́ sítíárì, ó ní òun fẹ́ bá ọpọlọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè ta kébékébé sí i. Mo ní kó bá mi kí i. Mo tún pààrọ̀ sáléńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, sí èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ á fò, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé mo ti dé. Bí mo bá wọlé, màá bá bàbá mi nídìí sítóòfù, á ní, "Ìyá mi, mo ti gbọ́ ọ láti títì. Mo ti gbé omi ẹ̀bà kaná."

Bíríkìlà ni bàbá mi. Ìsẹ́yìn ló ti wá nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, nígbà tí iyanrìn àti irà ṣì pọ̀ ju ilé lọ láàárín Oniru sí Ajah. Ó mọ ilé títí. Bí a bá ń gba títì kọjá, á máa fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka: "Èmi ni mo mọ òkè ìyẹn. Wo ìyẹn, ẹni tó mọ ọ́n ń sùn lọ́wọ́." Ilé kan ní Lakowe ló mọ kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tí ìyá mi sì kú, mo mú un wá sọ́dọ̀ ara mi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ mí fún, òun náà ni Jímọ̀. Mọ́ṣáláṣí kan wà lẹ́bàá ọjà Ṣàngótẹ̀dó tí àwọn bíríkìlà àtijọ́, káfíńtà àti awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì máa ń kí Jímọ̀. Bí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa jiyàn: ta ló mọ ilé wo, ta ni ògiri rẹ̀ wọ́, ta ló ti kú. Èmi á jókòó sínú ọkọ̀, màá máa gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi láti ọ̀ọ́kán. Ọjọ́ kan yẹn ló fi ń jẹ ìyókù ọ̀sẹ̀. Mo ti bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ṣàdéhùn pé ọ̀sán Jímọ̀, bàbá mi ló ni mí.

Òjò wá dé. Ẹni tó bá ń gbé inú àdúgbò wa ní Ajah mọ ohun tí mò ń sọ. Ojú títì gbẹ, ṣùgbọ́n àdúgbò wa di odò. Ní Jímọ̀ kan, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọnú Oróbó mi. Bàbá mi gbé bàtà rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó wo omi tó ń dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Àlùwàlá ti parí. Máa lọ." Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tí rọ́ọ̀gì inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹja tó bàjẹ́, ẹ̀rín kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mi ní kò sí wàhálà, ká gbé e dìde. Ó fi sípíríǹgì tó le sí i, ó fi irin kún un lókè, ó wá fi táyà ńlá sí i. Nígbà tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, mo yí i po. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Aládùúgbò wa obìnrin kan bi mí bóyá iyanrìn ni mo fẹ́ máa fi kó. Mo ní kó dúró kí omi dé ná, òun náà á bẹ̀ mí kí n gbé òun. Omi dé lóòótọ́, mo là á kọjá bí ọba, ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́nu sì wà nínú omi.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Bàbá mi jáde tòun ti agbádá funfun rẹ̀, ó ti fi lọ́fíńdà. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wo ìjókòó, ó wo orúnkún rẹ̀, ó tún wo ìjókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ náà kò débẹ̀. Mo sáré bọ́ sílẹ̀, mo ki ọwọ́ sí i lábíyá láti gbé e.

"Má fọwọ́ kàn mí."

Mo tún fẹ́ gbìyànjú. Ó gbá ọwọ́ mi dànù. Bàbá tí kò na èmi rí! Ó yí padà, ó wọlé, ó kí ìrun rẹ̀ nínú pálọ̀. Mo dúró síta pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, inú ń bí mi, ó sì ń dùn mí.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bẹ àwọn ọkùnrin méjì ládùúgbò kí wọ́n bá mi gbé e. Ìyẹn ló wá burú jù. Ó ní òun kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì. Mo lo kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àtẹ̀gùn, ó fi ọ̀pá tì í, kéréètì ṣubú, ó ní, "O rí i?" Mo ní kí mẹkáníìkì jó páìpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí Bàbá lè máa tẹ̀ ẹ́ gòkè. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń yọ̀. Bàbá mi wò ó, ó ní ẹni tó ṣe é kò tíì gun nǹkan rí láyé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kò lè la omi náà já, awakọ̀ tí mo fi fóònù pè láti Oniru dé ẹnu àdúgbò, ó rí odò, ó pa dà.

Bẹ́ẹ̀ ni Jímọ̀ ń kọjá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é lórí fóònù, á ní ara òun ò yá. Nígbà tó ṣe, kò gbé fóònù mọ́. Ó dẹ́kun àtifá irùngbọ̀n. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́ tòun ti ariwo sáléńsà mi, kò sí omi ẹ̀bà lórí iná. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tó jókòó sílé báyìí, tí wọn ò tún dìde mọ́. Mo gbà pé agídí ni, mo ń bínú sí i, mo sì tún ń ṣàánú rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kan, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo jókòó tì í láàárọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ti bá mẹkáníìkì sọ ọ́. Ó máa yọ sípíríǹgì yẹn kúrò, ọkọ̀ á padà wálẹ̀."

Ó ní, "Kí omi tún wọlé?"

"Kó wọlé, Bàbá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa lọ nígbà yẹn."

Ó ní, "Ọkọ̀ tí o fẹ́ràn báyìí." Lẹ́yìn náà ló ní, "Wọ́n ń kọ́lé lẹ́yìn wa. Lọ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní pákó tó yi, àti ìṣó. Bá mi mú ayùn mi jáde lábẹ́ ibùsùn."

Mo sáré lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́lé náà, ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n ní kí n kó èyí tó bá wù mí. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ pákó. Ó ń súfèé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Ó ní kí n lọ wọn gíga ìjókòó ọkọ̀ wá. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n, ó ní mi ò wọ̀n ọ́n dáadáa, mo tún padà lọ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, àkàbà kékeré kan ti dúró níwájú rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ rinlẹ̀. Ó kan igi gígùn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó tún kan òmíràn lósì. Mo rò pé ibi tí òun alára máa fọwọ́ dì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì ó fá irùngbọ̀n. Ó wọ funfun. Mo gbé àkàbà náà sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, nínú ẹrẹ̀, mo sì na ọwọ́ sí apá rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe.

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" Kò pariwo. "Ẹni tó bá ń gun òkè, a kì í dì í mú. Igi la máa ń dì mú."

Mo ní kò yé mi.

Ó fi ọ̀pá lu ọ̀kan nínú igi ẹ̀gbẹ́ náà. Ó ní lórí pẹpẹ pákó tí bíríkìlà ń dúró lé mọ ilé alájà, òfin ni. Bí o bá di èèyàn mú lórí ibẹ̀, o ti yí i lẹ́sẹ̀ pa dà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa já. Ẹni tó wà nílẹ̀ ni kó di igi mú kó má mì. Ẹni tó ń gùn á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí o bá ti ki ọwọ́ sí mi lábíyá, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ̀ pé a fẹ́ ṣubú."

Mo ti fi gbogbo òjò ọdún yẹn pè é ní alágídí.

Ó ní, "Ìyá rẹ ló máa ń di igi tèmi mú. Nígbà tó ń ru iyanrìn fún wa. Ó máa sọ iyanrìn kalẹ̀ tó bá ti rí i pé mo fẹ́ gùn. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò tíì gun nǹkan kan kí ọkàn mi balẹ̀."

Mo mọ̀ pé ìyá mi ru iyanrìn. Èmi ò mọ èyí tó kù. Mo káṣọ sókè, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ Ajah tèmi ti híjáàbù Jímọ̀ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú. Bàbá mi ní bísímílláhì, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó dúró, ó ń gbọ́ bóyá pákó máa dún. Omijé ti bò mí lójú, gbogbo ara mi sì ń gbọ̀n.

Ó wò mí láti òkè. Ó ní, "Ìyá rẹ kì í gbọ̀n báyìí o."

Mo ní, "Ẹ máa gùn, Bàbá. Mo dì í mú."