Òrí tí a fi pa àwo orin náà

"Rọra yí i. Má jẹ̀ẹ́ kó rẹ̀ ẹ́." Ìyá àgbà fi etí ti ẹnu giramafóònù bí ẹni pé ẹni inú rẹ̀ ń bá a sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Èmi ni mo ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Abẹ́rẹ́ a kọ́kọ́ máa họ bí adìẹ tí ń tan ilẹ̀ gbígbẹ, kí agídìgbo tó wọlé, kí ohùn àbúrò bàbá mi tó tẹ̀ lé e.

Àbíkẹ́yìn Ìyá àgbà ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ìlú Ara ló dá ẹgbẹ́ alágídìgbo sílẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn gba ohùn wọn sílẹ̀ láti fi dán wọn wò. Àwo méjì péré ni wọ́n ṣe: ilé iṣẹ́ náà mú ọ̀kan, wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ní ìkejì. Kí èsì tó dé, àbúrò bàbá mi ti bá àwọn ojúgbà rẹ̀ kan lọ ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn. Ibà pa á níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwo yìí nìkan ló kù.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí Ìyá àgbà bá ti gún iyán tán, a ó gbọ́ ọ. A kò mọ̀ pé irin tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bò ni irú àwo ìdánwò bẹ́ẹ̀, pé abẹ́rẹ́ ń jẹ ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀.

"Ohùn ọmọ mi ti há," ló wí lọ́jọ́ kan.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ fi òrí pa á. Ṣebí òrí lẹ fi ń pa mí láyà tí mo bá ń wúkọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí! Àwo ń wúkọ́ ni?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Gbé igbá òrí wá."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ òrí, ó fi pa àwo náà tiwájú tẹ̀yìn, ó ń kì í. Ó wá tẹ́ ẹ sí oòrùn kí òrí lè wọ̀ ọ́ lára. Kí oòrùn tó wọ̀, awọ dúdú ara rẹ̀ ti ń bó bí awọ ejò, irin funfun yọ lábẹ́ rẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí ọ̀rẹ́ olóògbé fi gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ara, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ìyá wa, wọ́n ti gbà wá! Gbogbo ayé á gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ti bàjẹ́, ẹ gbé tiyín wá."

Ìyá àgbà tú aṣọ tí ó fi wé àwo náà. Ọkùnrin náà gbóòórùn rẹ̀. "Ìyá, ọmọ tuntun lẹ pè é ni, tẹ́ ẹ fi pa á ní òrí? Ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Èmi ni," ló wí. "Orí mi ló burú."

Kò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Kò sì fi ẹ̀sùn náà kàn mí rí. Tí mo bá wúkọ́, ó ṣì ń fi òrí pa mí láyà.

Mo kàwé dé yunifásítì, mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dún yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń ṣa àwo àtijọ́ jọ wá sílé wa. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ń wá àwo ẹgbẹ́ yẹn. Mo gbé e fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wò ó títí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ta ló ṣe èyí?"

Mo ti ju àádọ́rin ọdún lọ. Kò sí ẹni tí ó lè nà mí mọ́. "Ìyá àgbà wa ni," ni mo dá a lóhùn.

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ síta. Ní báyìí, àwọn tí kò mọ Ìyá àgbà rí ń pè é ní ẹni tí ó ba ohùn ọmọ ara rẹ̀ jẹ́. Nọ́ńbà ọ̀dọ́kùnrin náà wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì pè é.