Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Ó Gbé Obì Lọ sí Kánò

Lánàá ni wọ́n gbé páálí ẹja tútù kan wá fún ìyàwó ọmọ mi. Bí mo ṣe rí “perishable” tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára, ẹ̀rín pa mí dé ilẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní kí ló dé. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́.

Ní Ṣàgámù ni, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọmọ máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Obì ni wọ́n ń tà nílé wa. Òórùn obì àti ewé tútù ni yóò kọ́kọ́ kí ẹ kí ènìyàn tó kí ẹ. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ni òwò náà, ọwọ́ mi sì yá nídìí obì ṣíṣà. Ohun tó kó bá mi nìyẹn. Ní ọdún tí mo wà ní ìwé mẹ́fà, wọ́n ní ìyẹn ti tó fún obìnrin, pé tí mo bá ti parí ẹ̀, kí n wá jókòó ti agbọ̀n obì. “Ta ni yóò fi òyìnbó ra obì lọ́wọ́ ẹ?” Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan lọ́sẹ̀ ni tíṣà wa máa ń kọ́ wa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí a kò bá tíì lò fún ẹnì kan níta, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ “perishable”, wọ́n gbé ìbẹ́pẹ pípọ́n kan ka orí tábìlì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ní Mọ́ńdè, itọ́ ń dà lẹ́nu wa. Nígbà tó fi di Fúráìdeè, eṣinṣin ti gba ibẹ̀, a ti sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. “Ohun tí kò lè dúró dè yín nìyẹn,” ni tíṣà wí. Ó yé wa yékéyéké!

Ní Sátidé, a kó obì lọ sí gáréèjì, ó ti wà nínú àpò, ó ń lọ sí Kánò. Máníjà tó ń pín ẹrù sọ́kọ̀ kò gbọ́ Yorùbá rárá. Àga onígi ló fẹ́ kọ́kọ́ kó, ó ní kí obì dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú oòrùn yẹn! Ìyá Àgbà pariwo, wọ́n nawọ́ sí oòrùn, wọ́n nawọ́ sí àpò, ọkùnrin náà kàn ń mi orí. Mo bọ́ síwájú.

“Sir, kola is perishable. Chairs can wait.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó wo àga, ó wo obì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n já àga sílẹ̀, kí wọ́n kó obì. Áà, orí mi wú! Àwọn alábàárù pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Bí a ṣe délé, Ìyá Àgbà ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà pè. Mo pè é, mo sì túmọ̀ ẹ̀.

“Ó ṣì ku irú ẹ̀ lọ́dọ̀ tíṣà yín?”

“Ó kù púpọ̀, Màmá.”

“Lọ kó o wá. Gbogbo ẹ̀.”

Mo sì lọ. Lónìí, kí n tó la ẹnu, fóònù ti sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lè ṣa obì mọ́. Ó dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ gáréèjì yẹn, kò tíì sí ọmọbìnrin kan nílé wa tí wọ́n dá dúró ní ìwé mẹ́fà.