Káàdì Ìbánikẹ́dùn fún Ẹni Tó Wọ Pupa

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rọra fi mí rẹ́rìn-ín o!

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mulhuddart, ní Dublin níbí, ni mo ti ń di ọjà sínú páálí. Èmi àti Kavita, ọmọ Íńdíà tó dé lọ́dún yìí, la jọ wà nídìí tábìlì kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ tó bá rí i pé ó ti rẹ̀ mí, á fa páálí tó wúwo sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tá a lọ sinmi, mo fi ìrẹsì lọ̀ ọ́, ó lóun ò ní jẹun. Ojú rẹ̀ fà ro. Fíìmù Íńdíà la fi dàgbà ládùúgbò wa, ẹ sì mọ̀ ọ́n: bí obìnrin bá ti wọ funfun, tí ò jẹun, ẹnì kan ti kú nìyẹn. Kí ni mo tún fẹ́ bi í sí?

Níbí, káàdì ni wọ́n máa ń rà fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, gbogbo ará ibi iṣẹ́ á sì kọ orúkọ sí i. Mo ra ọ̀kan. Láàárọ̀ Túsìdeè, kí bọ́ọ̀sì Kavita tó dé, mo ti gbé e kiri. Àánú ṣe Deirdre, ọ̀gá wa, ó ní, "Ah, God love her," ó sì kọ orúkọ tiẹ̀ gàdàgbà.

Bí Kavita ṣe wọlé, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo ní Ọlọ́run á tù ú nínú. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀. Pupa! Aṣọ pupa, ẹ̀gbà ọwọ́ pupa! Ó ka káàdì, ó bi mí pé ta ló kú. Ilẹ̀ ò kúkú lanu!

Ó wá ṣàlàyé pé ọdún Durga, òrìṣà obìnrin wọn, làwọn ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, àwẹ̀ lòun ń gbà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọ̀ tiẹ̀. Funfun fún àlàáfíà, pupa fún agbára, yẹ́lò fún ayọ̀, àwọ̀ ewé fún ohun tuntun.

Ọmọ ìjọ ni mí, ara mi kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Àmọ́ ṣé ìyá ìjọ wa kì í yan àwọ̀ fún ọ̀sẹ̀ àwọn obìnrin ni? Mo bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè! Ta ló ń yan tiwọn? Ẹni tí ò bá láṣọ àwọ̀ náà ńkọ́? Ó ní ìborùn tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ ti tó.

Ojú ṣì ń tì mí, mo nawọ́ láti gba káàdì mi padà. Kò fún mi. Ó ní ìyá òun kú kété tóun dé Dublin, òun ò lè lọ sin ín, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọọdún, ìyá náà ló máa ń pè é láràárọ̀ ọdún Durga pé àwọ̀ wo ló wọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, fóònù ò dún. Omi bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé ká máa béèrè, ká yé fi fíìmù mọ ọmọnìkejì wa. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta lẹ ti ṣì mọ̀ rí? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó kúrò nílé, mo pè é. Mo ní, "Kavita, àwọ̀ wo lo wọ̀ lónìí?"

Ó ní búlúù ni.