Ṣíbí Tí Bàbá Mi Fi Pẹja

Mò ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò bàbá mi pè láti Ìsàn pé bàbá mi ti kú. Òórùn ẹja yẹn gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré.

Bàbá mi kò lówó irin dídán tí wọ́n ń tà fún títan ẹja. Ló bá ṣẹ́ ọwọ́ ṣíbí ìyá mi kúrò, ó fi ìṣó lu ihò sí i, ó fi wáyà so ó mọ́ ìwọ̀. Nínú odò, ó ń yí, ó ń dán bí ẹja kékeré. Ẹja ńlá kan gbé e hàì! Mo fò sókè.

Ilé obìnrin kan ní Ìlógbò la gbé ẹja náà lọ. Ó bu ẹ̀pà fún mi.

“Má sọ fún ìyá ẹ o, ọ̀rẹ́ mi,” ni bàbá mi wí.

Nígbà tí a délé, ìyá mi pariwo: “Ta ló gbé ṣíbí mi nínú ulé yìí?” Mo ní n kò mọ̀. Ó fi ọmọrogùn nà mí. Bàbá mi jókòó, ó ń wò wá. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ni obìnrin Ìlógbò yẹn.

Bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, ọmọ mi bi mí pé kí ló dé. Mo ní, “Bàbá àgbà ti kú. Gbọ́, ọkọ mi: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o má sọ nǹkan fún mi, ìbáà ṣe dádì ẹ, wá sọ ọ́. Mi ò ní nà ọ́.”