Màrìwò Akínkúnlé Lórí Odò Aláyìnrẹ́

Títí di ọdún tó kọjá, bí ẹ bá dé ilé mi ní àdúgbò Mayfair lọ́jọ́ Sátidé, ẹ óò bá obìnrin kan tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára géètì. Àníkẹ́ nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá lọ́wọ́ mi máa ń rò pé ọlọ́dẹ ni mo gbà. Kì í ṣe ọlọ́dẹ. Àbúrò rẹ̀ ló ń retí. Ilé mi ni ọmọ náà ti gbéra lọ, Àníkẹ́ sì gbà pé ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ padà sí.

Èmi àti Àníkẹ́ jọ lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ògbo. Ó ti lágídí láti kékeré, tíṣà tó bá nà án ni yóò rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó fi Akínkúnlé, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, sí i lọ́wọ́, ìkókó tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Àníkẹ́ gbé e pọ̀n lọ sóko, ó gbé e pọ̀n lọ sọ́jà, ó gbé e pọ̀n délé ọkọ. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Ọkọ náà kú. A kì í sọ ọ́ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé Akínkúnlé ni ọmọ tí Ọlọ́run fún un.

Oko bàbá wọn wà ní Ìdí-Ọ̀dán, abúlé kan tí ọ̀kadà ń gbé èèyàn dé láti Òkè-Ògbo tí ìdí èèyàn bá lè gbà á. Odò Aláyìnrẹ́ ló yí ẹ̀yìn oko náà ká, ìdílé wọn ló sì láṣẹ lórí apá odò yẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ẹja àrọ̀ ń gòkè wá yé ẹyin, ẹnì kan nínú ìdílé wọn yóò ta okùn láti ara igi kan sí òmíràn lórí omi, yóò so màrìwò mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ dẹ àwọ̀n síbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gé igi etí odò tàbí kí ó dáko síbẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n bá tú u lẹ́yìn iṣu tuntun. Ẹni tó so ó ni yóò tú u. Bí ẹni náà bá kú, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò tú u, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin ín. Onígbàgbọ́ abúlé náà kò fọwọ́ kàn án, mùsùlùmí wọn kò fọwọ́ kàn án.

Akínkúnlé ló so ó lọ́dún tó gbéra kúrò nílé. Ọlọ́wọ́ òsì ni, kókó rẹ̀ máa ń yí sósì, ẹni tó bá rí i mọ̀ pé òun ló ta á. Kò pẹ́ sí i, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Abdulrazaq gba ọ̀nà òkè lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba inú aṣálẹ̀ dé Líbíyà, kí wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sí Yúróòpù. Mo bá a wí títí ẹnu fi dùn mí. Láti Kánò ló ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan màrìwò mi o. Tí mo bá dé, èmi ni mo máa tú u." A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Iṣu tuntun jáde, a jẹ ẹ́ tán, odò ṣì wà ní títì. Àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Baálé wọn, Bàbá Adéagbo, ló kùn jù. Ó ní kí Àníkẹ́ gbà pé ọmọ náà ti kú, kí ó sin ín, kí ó tú màrìwò, kí àwọn èèyàn rí ẹja jẹ. Àníkẹ́ ní òun kò ní í fi ẹnu ara òun pa ọmọ òun. Ni wọ́n bá dẹ̀yìn, nítorí wọ́n mọ̀ pé màrìwò tó bá gbẹ tó já sómi, òfin rẹ̀ tán nìyẹn. Wọ́n ń dúró kó já.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì rọ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan, àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ gba etí odò, wọ́n bá màrìwò tútù yọ̀yọ̀ lórí omi. Kókó rẹ̀ yí sósì.

Èmi tí mò ń pìtàn yìí, n kò gba ìsọkúsọ gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fojú ara mi rí kókó yẹn, mo fẹ̀yìn rìn kúrò létí omi. Àwọn kan ní òkú rẹ̀ ló ń wá. Àníkẹ́ ní irọ́ ni, alààyè ni, ojú ló ń tì í pé ó lọ kò rí ohun mú bọ̀. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ń ṣú lọ́dún, yóò se ẹ̀bẹ iṣu, yóò bù ú sínú abọ́, yóò gbé e sí ahéré létí odò lọ́jọ́ Sunday. Lọ́jọ́ kejì, abọ́ á ti ṣófo, màrìwò tuntun á sì ti wà lórí omi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lọ́dọọdún. Inú rẹ̀ á dùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, yóò tún padà wá jókòó ti géètì mi. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn báyìí ju ìgbà tó ń sunkún lọ.

Olúṣọlá ló tú gbogbo rẹ̀ jáde, kò sì mọ̀. Ó ti háyà yàrá lọ́wọ́ mi rí nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ti di dókítà báyìí, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o, ti ẹja àti igbó etí odò ni. Ó ń wá odò tí kò tíì bàjẹ́. Èmi àti Àníkẹ́ la mú un lọ sí Ìdí-Ọ̀dán. Lókè odò, àwọn tó ń wa wúrà ti sọ omi di ẹrẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n ti gé gbogbo igi etí rẹ̀, oòrùn ń jó omi. Ṣùgbọ́n níbi màrìwò, igi ti pàdé lókè, omi mọ́, ẹja ń ta lábẹ́ wa. Olúṣọlá jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó dáa, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ta ló ń tọ́jú ibí yìí?"

"Àbúrò mi ni," Àníkẹ́ dáhùn.

"Ṣé mo lè rí wọn?"

"Èmi náà ń wá a."

Olúṣọlá so àwọn kámẹ́rà kéékèèké mọ́ ara igi, irú èyí tó ń dá ya àwòrán bí ẹranko bá kọjá. Ẹtu ló ń wá, àti ọ̀bọ. Kò sí ẹni tó rántí pé ẹ̀dá mìíràn lè kọjá níbẹ̀.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sílé mi, ojú rẹ̀ kò dáa. Ó ní, "Mọ́mì Mayfair, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n fi í han Màmá." Sátidé ni. Àníkẹ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́.

"Ṣé òun ni?" ló bi wá.

Olúṣọlá yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ó wá, ó wò ó fúnra rẹ̀. Bàbá Adéagbo ló dúró sórí igi tó wó sómi, ó ká ṣòkòtò sókè, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹ̀ka mú, ó ń fi ọwọ́ òsì ta kókó. Nínú àwòrán kejì, ó jókòó sí ahéré, abọ́ ẹ̀bẹ wà lórí itan rẹ̀.

Ọkọ̀ Olúṣọlá la wọ̀ lọ sí Ìdí-Ọ̀dán. Bàbá rí wa, ó rí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Olúṣọlá, ó sì mọ̀. Òun ni baba tó máa ń ní ẹsẹ̀ ń dun òun lọ́jọ́ Sunday tí kò fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Abdulrazaq ló pè mí," ó ní. "Omi tán mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú aṣálẹ̀. Ó ní inú yanrìn làwọn sin ín sí. Mo gbéra láti wá sọ fún ọ, Àníkẹ́. Kí n tó la ẹnu, o ní o lálàá pé Akín ń bọ̀, o sì bu ẹ̀bẹ fún mi. Mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Mo ń pariwo pé kí o sin ín, bóyá wàá dá a rò fúnra rẹ. O kò gbà. Nígbà tí màrìwò fẹ́ já, mo wo ojú rẹ, mo bá lọ so òmíràn."

"Pẹ̀lú ọwọ́ òsì," Àníkẹ́ ní.

"Mo kọ́ bó ṣe máa ń ta á."

"Ẹ̀yin lẹ ń jẹ ẹ̀bẹ mi, Bàbá."

"Tí o bá wá bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí ẹnì kan kò jẹ ẹ́ ńkọ́?"

Àníkẹ́ kò bú u. Mo fẹ́ kó bú u, èmi ì bá bú u. Ó kúnlẹ̀ kí i pé ó kú ìrọ́jú, ó dìde, ó ní ká máa lọ.

A sin ẹ̀wù Akínkúnlé sí ẹ̀yìn ilé bàbá wọn. Nígbà tí ìsìnkú parí, gbogbo abúlé tẹ̀lé Àníkẹ́ lọ sétí odò láti wá wò ó bí yóò ṣe tú màrìwò. Àwọn mìíràn ti gbé àwọ̀n kọ́ èjìká, n kò sì bá wọn wí, ebi kì í ṣe ọ̀tá ẹnì kan ṣoṣo. Àníkẹ́ ti ní kí n bá òun di ìdì màrìwò tútù kan dání. Mo rò pé orí sàréè ló fẹ́ tẹ́ ẹ sí.

Ó gun orí igi tó wó, ó tú kókó òsì náà. Ó pẹ́ kó tó tú u tán. Ó jẹ́ kí odò gbé e lọ, ó fojú tẹ̀lé e títí kò fi rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi, ó gba màrìwò tútù náà, ó sì so ó mọ́ okùn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ta kókó rẹ̀.

Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Olúṣọlá ló bi í léèrè, kò mọ ohun tó ń bèèrè: "Màmá, ìgbà wo lẹ máa tú u?"

"Èmi kò ní í tú u," Àníkẹ́ ní. "Bó bá fẹ́ já, màá so òmíràn. Bí mo bá kú, ẹ pe ọmọ mi kó wá tú u. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ pe ọmọ ìyá mi."

Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn mi rọra ká àwọ̀n rẹ̀.